Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná Ni Mo Wà

Fún gbogbo ọdún tí mo ti ń gbé lókè òkun, etí ọ̀tún ìyá mi ni mo mọ̀ jù lára rẹ̀. Bí mo bá pè é lórí fóònù onífídíò tí ó yẹ kí a ti máa rí ara wa, ńṣe ni yóò gbé e mọ́ etí bí ó ti máa ń gbé fóònù àtijọ́ rẹ̀. Etí yẹn á gba gbogbo ojú fóònù mi, pẹ̀lú yẹtí kékeré tí olóògbé bàbá mi rà fún un àti ewú díẹ̀ tó yọ lábẹ́ gèlè.

"Yèyé, ẹ gbé fóònù síwájú kí n lè rí ojú yín."

"Bí mo bá gbé e síwájú, kí ni mo fẹ́ fi gbọ́ ọ? Ṣé imú ni?"

Èmi á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, etí á sì máa mì. Ọmọ Iléṣà ni wá, yèyé ni à ń pe ìyá. Lẹ́yìn náà yóò bi mí bóyá mo ti jẹun, bóyá òtútù ti dín kù, bóyá mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, màá sì dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá dára, ọ̀kan péré ló máa ń jẹ́ irọ́ nínú wọn.

Fíìmù ni mò ń ṣe. Ó máa ń tì mí lójú pé èmi tí mò ń fi ojú àwọn ẹlòmíràn han ayé, n kò rí ojú ìyá tó bí mi. Ọ̀rọ̀ etí yẹn ló sì bí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Kí n tó kúrò nílé, mo ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo, lókè ibi tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ Márúwá ṣe. Mò ń ya fídíò ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti òkú àgbà. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkàn mi ń fẹ́ ni fíìmù tèmi, èyí tí ọ̀gá kankan kò ní dá sí. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi gbìyànjú. A fi kọ́tìnnì ìyá ẹnì kan ṣe ògiri ààfin, ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀ sì wọ inú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọba sọ. Àwọn tó wò ó rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí wọ́n ti sunkún. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Glasgow gbà mí pé kí n wá kọ́ iṣẹ́ fíìmù, mo rò pé àdúrà àwọn tó wo fíìmù wa yẹn ló gbà.

Mo sọ fún ìyá mi pé ọdún kan ni mo fẹ́ lò.

"Ọdún kan ò pẹ́," ó ní. "Màá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ dè ọ́."

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé òtútù ni ohun àkọ́kọ́ tí í ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu ní Glasgow. Òtútù wà lóòótọ́, òjò ibẹ̀ kì í sì í rọ̀ bí òjò tó fẹ́ dá, ṣùgbọ́n ìkíni ló kọ́kọ́ dójú tì mí. Kí n lè rí nǹkan fi gbéra, mo gba iṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú mi wọ yàrá bàbá kan tó ń jẹ́ Archie. Bàbá náà ti dàgbà ju ẹnikẹ́ni tó kù nínú ẹbí wa lọ. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dọ̀bálẹ̀. Mo sì fi àyà kanlẹ̀ dáadáa bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Bàbá pariwo, ó tẹ agogo tí wọ́n fi ń pe nọ́ọ̀sì, àwọn nọ́ọ̀sì sá wọlé, ọ̀kan nínú wọn ti di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ṣàn. Wọ́n rò pé mo dákú.

Nígbà tí mo ṣàlàyé, Archie wò mí títí.

"Ṣé bí ẹ ṣe ń kí àwọn arúgbó yín nìyẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

"Ṣé ìyá rẹ ṣì wà láyé?"

Mo ní ó wà.

"Ta ló wá ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún un báyìí?"

Mo lọ bu omi ìwẹ̀ rẹ̀ wá.

Ìbéèrè yẹn bá mi gbé. Bí mo bá ń gé èékánná Archie, bí mo bá ń fi ọṣẹ fọ ẹ̀yìn rẹ̀, ọkàn mi á wà ní Iléṣà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí mò ń pè ní Sístà, tíṣà ni ní Ìwàrà, kò sì jìnnà sí ilé. Òun ló ń wá fọ aṣọ Yèyé ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, òun ló ń mú un lọ síbi àyẹ̀wò ojú, òun ló ń bá a pọn omi. Èmi ń wẹ bàbá oníbàbá, mò ń pè lórí fóònù, mò ń wo etí. Ẹ̀bi náà wúwo lọ́kàn mi ju bí mo ti lè sọ lọ, ṣùgbọ́n n kò torí rẹ̀ padà sílé. Kí n má tan yín jẹ, mo fẹ́ràn iṣẹ́ tí mo wá kọ́, mo sì ń fẹ́ kó yọrí.

Ọdún kan di òmíràn. Ní Glasgow, wọ́n á bi mí níbo ni mo ti wá. Bí mo bá pe àwọn ọ̀rẹ́ mi l'Óṣogbo, wọ́n á ní, "Ará ìlú òyìnbó, ìgbà wo lẹ máa padà síbi tí ẹ ti wá?" màá sì ti fẹ́ dáhùn kí n tó rántí pé iwájú fèrèsé mi ní Glasgow ni mo jókòó sí. Ọ̀rọ̀ mi wá dà bíi ti àdán, kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti ń mọ ara mi ni ìdí kámẹ́rà.

Fíìmù àkọ́kọ́ tí mo ṣe níbẹ̀, tó dá mi lójú pé fíìmù ni, ọwọ́ Archie ló dá lé. Oníbàtà ni nígbà ayé ọ̀dọ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbàgbé. Bí ó bá di bàtà mú, ìka tó ti ń gbọ̀n á dúró ṣinṣin. Wọ́n fi í hàn nínú gbọ̀ngàn ilé ìkàwé kan nígbà tí òjò ń rọ̀. Àwọn tó wá kò kún ìlà àga àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n Archie wà níbẹ̀ lórí àga onítáyà rẹ̀, ó wọ táì. Nígbà tó parí, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè kí gbogbo ènìyàn rí i. Inú mi dùn débi pé mo pe Yèyé lójú ẹsẹ̀.

"Ṣé o wà nínú rẹ̀?" ó bi mí.

"Rárá, Yèyé. Èmi ni mo ṣe é."

"Kí ló dé tí o kì í sí nínú ohun tí o bá ṣe?"

Mo rò pé àwàdà ni.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Fiona, tí a jọ ń ya fíìmù, ló fi VR hàn mí. Awò ńlá kan ni, tí à ń dè mọ́ orí tó sì ń bo ojú pátápátá, tí nǹkan ìgbọ́rọ̀ rẹ̀ ń bo etí. Bí ènìyàn bá ti dè é tán, ibi tí fíìmù bá wà ni òun náà wà. Bó bá wo iwájú, yóò rí iwájú, bó bá yíjú padà, yóò rí ẹ̀yìn, bó bá gbórí sókè, yóò rí òrùlé tàbí ọ̀run. Etí òkun ló fi hàn mí. Mo nawọ́ kí n bu omi, mo ṣubú lé àga. Bí mo ti wà nílẹ̀ níbẹ̀, tí Fiona ń fi mí ṣẹ̀sín, ohun tí mò ń rò ni pálọ̀ ìyá mi. Bí mo bá lè kó pálọ̀ yẹn wọ inú awò yìí, màá rí Yèyé lódindi, etí méjèèjì, ojú méjèèjì, ẹsẹ̀ tó nà sórí ẹní.

Mo fi àkókò tó pọ̀ kọ́ iṣẹ́ náà. Òfin kan wà nínú rẹ̀ tí Fiona kò jẹ́ kí n gbàgbé.

"Kámẹ́rà yìí ní ojú níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́," ó ní. "Kò sí ibi tí dáírẹ́kítọ̀ lè sá pamọ́ sí. Bí o bá wà nínú yàrá, o ti wà nínú fíìmù nìyẹn. Gbé e kalẹ̀, tàn án, kí o sì jáde."

Òfin yìí rọrùn ní Glasgow. Ìgbà tí mo gbé e dé Iléṣà ló di ẹjọ́.

Yèyé ti wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé. Mo dọ̀bálẹ̀, kò sì sí ẹni tó pe nọ́ọ̀sì. Ó gbá mi lẹ́yìn, ó pe oríkì mi, èyí tí òun nìkan ń pè láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. N kò ní kọ oríkì náà síbí, ẹ óò rí ìdí rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, n kò rántí pé mo gbé ẹrù kankan wá.

"Yàrá rẹ ti wà nílẹ̀," ó ní. "Mo ra bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tuntun."

Mo wá sọ fún un pé mo ti gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Òkè-Fìà. Iná kì í dúró ládùúgbò wa, bátìrì kámẹ́rà sì pọ̀, bí n kò bá fi iná sí gbogbo wọn mọ́jú, iṣẹ́ ò ní lọ lọ́jọ́ kejì. Láti Òṣogbo ni màá ti máa wá láràárọ̀.

"Uná," ìyá mi wí. "Uná ni ò jẹ́ kí o sùn súlé."

Yèyé ti gbé Òṣogbo rí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ tiwọn, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ kan kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìjẹ̀ṣà kì í pe ilé ní ilé, ulé ni. Iná, uná ni, iṣẹ́ sì ni uṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí èmi kì í pè wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí mo bá sọ pé "ilé," yóò wò mí, yóò ní, "Ṣé ti òyìnbó lò ń sọ, àbí tiwa?"

Nínú pálọ̀, àga bàbá mi dojú kọ tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí i. Mo wọn gbogbo ibòmíràn wò, kò sí èyí tó dára tó o, nítorí ibi tí ojú ẹni tó jókòó máa ń wà ni kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà. Mo gbé e ka orí àga náà.

"Àga bàbá rẹ nìyẹn."

"Mo mọ̀, Yèyé. Ẹni tó bá máa wo fíìmù yìí, ibẹ̀ ni yóò dà bíi pé ó jókòó sí. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀."

"Ẹni tí n ò mọ̀ rí? Kí ni mo fẹ́ bá a sọ?"

"Ẹ rò pé èmi ni," mo ní. "Gbogbo ohun tí ẹ bá sọ fún un, èmi lẹ sọ ọ́ fún."

Ó wo kámẹ́rà, ó wò mí. Mo tàn án, mo kọjú sí ilẹ̀kùn.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ẹ̀yìn ilé ìdáná. Kò gbọdọ̀ rí mi."

"Ìyẹn ni pé bí mo bá fẹ́ rí ọ, uṣẹ́ ò lọ. Bí uṣẹ́ bá sì ń lọ, n ò rí ọ."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dáa.

Bí a ti ń ṣe é nìyẹn lójoojúmọ́. Màá dé láàárọ̀, màá kí i, màá gbé kámẹ́rà kalẹ̀, màá lọ jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí adìyẹ ti ń walẹ̀ tí àwọn ìkòkò dúdú dojú dé sí. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Nígbà mìíràn á rẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn á dákẹ́. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, á pè mí, màá wá pa kámẹ́rà, a óò jẹun kíákíá, màá sì tún gbé e sí igun mìíràn. Kí oòrùn tó wọ̀, màá ti di ẹrù sínú ọkọ̀, màá dọ̀bálẹ̀ fún un, màá forí lé Òṣogbo.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ padà, Sístà wá láti Ìwàrà. Mo bá a nínú yàrá mi, ó ń ká bẹ́ẹ̀dìṣíìtì náà. Ìlà tí wọ́n fi ká a láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí o ti ń wá, ṣé o ti jókòó ti Yèyé?" ó bi mí.

"Iṣẹ́ ni, Sístà. Ẹ má bínú."

"Ta ló ń bínú? Aṣọ ni mò ń ká."

Ní Glasgow, mo tilẹ̀kùn, mo de awò mọ́ orí láti wo ohun tí mo yà. Mo sì bá ara mi lórí àga bàbá mi. Yèyé wà níwájú mi lódindi. Mo rí àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀ tí mo ti gbàgbé. Mo rí i pé ojú òsì rẹ̀ ti ṣú díẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Ó pe oríkì mi, mo sì sunkún sínú awò náà títí n kò fi ríran mọ́.

Ó sọ bí bàbá mi ti fọwọ́ ara rẹ̀ po bíríkì ilé yẹn. Ó sọ nípa alábàágbé kan tó kó lọ sí Ọ̀tan-Ilé láìdágbére. Ọ̀rọ̀ ìyá lásán, ó dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ síwájú lórí àga, ó tẹjú mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan.

"Bẹ́ẹ̀dì rẹ wà níbẹ̀. Ṣé wàá sùn súlé lónìí?"

Ó dákẹ́. Ó ń dúró de èsì. Kò mi ara, kò wo ibòmíràn, ojú mi ló ń wò. Adìyẹ kan ké níta, mo sì mọ adìyẹ náà, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi gan-an ló ti ké. Ó dúró títí, lẹ́yìn náà ó mi orí. "Ó dáa. Uṣẹ́ ni," ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Mo tú awò kúrò lójú. Èmi ni mo sọ fún un pé gbogbo ohun tó bá sọ fún kámẹ́rà, èmi ló sọ ọ́ fún. Ìyá mi gbà mí gbọ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo wọlé wá, mo di ẹrù, mo dọ̀bálẹ̀, mo lọ. Lójú tirẹ̀, mo gbọ́ ìbéèrè rẹ̀, ìdáhùn mi sì ni bí mo ti wọ ọkọ̀ yẹn.

Mo pè é. Etí jáde.

"Yèyé, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kámẹ́rà sọ..."

"Èwo nínú rẹ̀?"

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń bá etí sọ. "Ó dára púpọ̀," mo ní.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?"

Mo fẹ́ gé ìbéèrè yẹn kúrò. Fiona wò ó, kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó bọ́ awò, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ibi tó dákẹ́ yẹn," ó ní, "ibẹ̀ ni fíìmù náà wà. Bí o bá gé e, kò ku nǹkan kan." Òótọ́ ló sọ, mo sì ti mọ̀ kó tó sọ ọ́. Mo fi í sílẹ̀. Mo kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì kí gbogbo ayé lè kà á. Mo mọ ohun tó jẹ́, mo mọ ẹni tí wọ́n ń bi, mo sì mọ̀ pé kò tíì gba èsì, síbẹ̀ mo gbé e jáde nítorí pé ó dára.

Wọ́n pè wá sí àjọ̀dún fíìmù kan. Wọ́n to àga kalẹ̀, àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń de awò, èmi ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mò ń wò wọ́n. Mò ń gbọ́ fíìmù náà nínú orí mi láìfi etí gbọ́ ọ, mo mọ ibi tí Yèyé dé nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Obìnrin kan yí àga rẹ̀ padà, ó ń wo àwòrán tó wà lára ògiri ẹ̀yìn, ó ń wo àjà, ó ń wo fèrèsé. Ìyá mi ń bá a sọ̀rọ̀, ó kẹ́yìn sí i. N kò lè mú un mọ́ra. Mo fọwọ́ kàn án léjìká.

"Ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "Màmá ń bá yín sọ̀rọ̀."

Ó ta gìrì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já awò mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan àwọn òǹwòran mọ́. Èyí tó tẹ̀lé e wá bá mi lẹ́yìn tó wò ó tán, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, ojú rẹ̀ tutù fún omijé. Ó bi mí kí ni orúkọ tí màmá náà pe òun nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

Mo ní orúkọ ìkẹ́ ni, ìyá ni í fi pe ọmọ rẹ̀.

"Ó dùn létí," ó ní. Ó gbìyànjú láti pè é. Ó pè é bí ẹni tó ń gbé òkúta lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó pè é. "Ó dà bíi pé tèmi ni."

Mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́. Wọ́n fún fíìmù náà ní ẹ̀bùn kan lọ́jọ́ yẹn, wọ́n pè mí sórí ìtàgé, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó yẹ kí inú mi dùn, ó sì dùn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo ti fi oríkì mi fún gbogbo ẹni tó bá lè de awò. Ìdí nìyẹn tí n kò fi kọ ọ́ síbí. Mo fẹ́ kí ó ku ibi kan tí kò ní sí.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, mo padà sí Iléṣà. Mo gbé awò, n kò gbé kámẹ́rà, n kò sì gba hòtẹ́ẹ̀lì. Sístà wà nílé. Ó wo àpò mi, ó wò mí, ó lọ gbé bẹ́ẹ̀dìṣíìtì jáde láìsọ nǹkan kan.

Yèyé ní òun fẹ́ rí ohun tí àwọn òyìnbó ń pàtẹ́wọ́ fún. Mo ní kó jókòó sí àga bàbá mi, kó lè bá ibi tí kámẹ́rà wà mu. Ó kọ́kọ́ kọ̀, lẹ́yìn náà ó jókòó díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó ti ẹnì kan. Mo tú gèlè rẹ̀, mo de awò mọ́ ọn, mo fi nǹkan ìgbọ́rọ̀ bò ó létí.

"Háà, ìyá yìí ti darúgbó," ó ní sókè, bí àwọn tí etí wọn dí ti máa ń sọ̀rọ̀. Èmi àti Sístà rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú awò yẹn. Àjà ni wọ́n ń wò, tàbí àwòrán, tàbí ọwọ́ Yèyé. Yèyé kò wo ìkankan nínú wọn. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó yíjú sí fèrèsé, ó bojú wo ẹ̀yìn àga.

"Ìwọ dà?" ó bi mí. "N ò rí ọ níbẹ̀."

"Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo wà, Yèyé."

Kò gbọ́. Ó ṣì ń wá mi. Mo mọ ìgbà tí ìbéèrè náà dé, nítorí pé orí rẹ̀ dúró, ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí itan. Mo dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"Mò ń sùn súlé lónìí, Yèyé," mo wí. Mo tún un wí. Súlé ni mo pè é, ó sì wá sí ẹnu mi láìfipá. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ wà ní bíbò, inú pálọ̀ ọjọ́ yẹn ló wà, ó ń bá ìyá tó wà níwájú rẹ̀ dúró de èsì.

Nígbà tó bọ́ awò, ó nu ojú.

"Ìyá yẹn dúró pẹ́ o," ó ní. "Gbogbo yín tí ẹ wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn?"

"N ò gbọ́ nígbà náà, Yèyé. Mo dé Glasgow kí n tó gbọ́."

Ó wò mí nílẹ̀ tí mo wà. "O ò gbọ́?"

"N ò gbọ́."

"Mo rò pé o gbọ́." Ó na ọwọ́ sí mi. "Mo ti dárí jì ọ́ tẹ́lẹ̀ lórí pé o gbọ́. Dìde, ilẹ̀ ti tutù."

Mo sùn sílé títí ìsinmi mi fi parí. Bẹ́ẹ̀dì náà ti kúrú fún mi, ẹsẹ̀ mi ń yọ síta, Yèyé sì ń wá wò mí láàárọ̀ láti ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń wo ẹran ọdún. Bí mo bá pè é báyìí, ó ti ń gbé fóònù síwájú, nígbà tó bá rántí.

Ṣùgbọ́n fíìmù náà kò dúró. Wọ́n ń gbé e káàkiri àwọn ìlú tí n kò dé rí, n kò sì lè pè é padà mọ́. Bí mo ti ń kọ èyí, ẹnì kan ti jókòó sórí àga bàbá mi níbì kan. Ìyá mi ti pè é ní orúkọ mi, ó ti tẹjú mọ́ ọn, ó ń bi í bóyá yóò sùn súlé lónìí. Adìyẹ ń ké níta. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo wà.